James Earl Jones: Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè jù nípa ìgbésí ayé àti iṣẹ́ rẹ̀

Láti ìgbà tí àgbà òṣèré yìí ti jáde láyé ni àwọn ìbéèrè kan náà ti ń padà wá lemọ́lemọ́. A kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó takókó ló tẹ̀ lé wọn.

Ta ni James Earl Jones?

James Earl Jones jẹ́ òṣèré ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó lò ju ọgọ́ta ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ eré, lórí ìtàgé, nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1931 ni wọ́n bí i, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ló sì kú, ní ẹni ọdún 93. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ ló mọ ohùn rẹ̀ dájú, nítorí òun ló sọ̀rọ̀ fún Darth Vader, òǹrorò aláṣọ dúdú inú fíìmù Star Wars, òun náà ló sì sọ̀rọ̀ fún Mufasa, kìnnìún tó jọba nínú The Lion King.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fi ohùn nìkan mọ̀ ọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Orí ìtàgé ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ṣe àwọn iṣẹ́ tí àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wárí fún un.

Níbo ni wọ́n bí i sí, ta ló sì tọ́ ọ dàgbà?

Arkabutla, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Robert Earl Jones, ti fi ilé sílẹ̀ kí ọmọ náà tó gbọ́njú, àtijẹ àtimu kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀, Ruth Connolly, fìdí kalẹ̀ tì í. Àwọn òbí ìyá rẹ̀, John Henry àti Maggie Connolly, ló gbà á tọ́.

Ó tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ìdílé náà kó kúrò ní Mississippi lọ sí oko kan ní Dublin, ní ìpínlẹ̀ Michigan (kì í ṣe Dublin ti ilẹ̀ Ireland o). Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dúdú ló rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láti gúúsù lọ sí àríwá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n ń sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀ àti òṣì, tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé akólòlò ni?

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n dé Michigan ni ìkólòlò náà mú un, ó sì le débi pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ pinnu pé dídákẹ́ sàn ju kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ìwé ló máa ń kọ ìdáhùn sí. Inú oko nìkan ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó bá ń bá àwọn ẹran ọ̀sìn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ni Donald Crouch, olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Brethren. Crouch kíyè sí i pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń kọ ewì. Ní ìgbà òtútù kan, ìjọba fi ọkọ̀ ojú irin kó ọsàn gíréèpù wá fún àwọn ará agbègbè náà, adùn rẹ̀ sì wọ Jones lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ewì yìn ín. Nígbà tí olùkọ́ ka ewì náà, ó ní ó dára, ó tilẹ̀ dára débi pé òun ń fura pé ó dà á kọ ni. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ni ín lóòótọ́, kí ó dìde, kí ó kà á lórí níwájú gbogbo kíláàsì. Jones dìde, ó sì ka ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkólòlò rárá.

Ẹni tó bá ní akólòlò nínú ẹbí kò ní ṣe háà sí èyí. Akólòlò tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ tán lè kọ orin láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀, nítorí ìlù ọ̀rọ̀ náà ló ń gbé e lọ. Crouch lo àǹfààní yìí, ó ń fún un ní ewì kà sókè títí ọmọ náà fi di ẹni tó ń kópa nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ.

Bẹ́ẹ̀ náà, Jones kò sọ rí pé òun ti wò sàn. Títí tó fi darúgbó ló ń sọ pé akólòlò ṣì ni òun, pé ṣe ni òun mọ bí òun ṣe ń bá a gbé. Ìdákẹ́ kékeré tí a máa ń gbọ́ láàárín gbólóhùn rẹ̀, èyí tí àwọn kan ń yìn bí ọgbọ́n eré, a rò pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ọ̀nà wo ló gbà di òṣèré?

Ìmọ̀ ìṣègùn ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn nígbà tó wọ Yunifásítì Michigan. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ó sì yí padà sí ẹ̀kọ́ eré. Ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun nílé ìwé náà, ó sì sìn nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, títí kan àkókò tó lò ní ibùdó orí òkè ní Colorado. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tó ti ṣe ológun ló fi kàwé síwájú ní ilé ẹ̀kọ́ American Theatre Wing ní New York.

Ṣáájú New York, ó ti ṣiṣẹ́ ní tíátà Ramsdell ní ìlú Manistee ní Michigan. Iṣẹ́ káfíńtà ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ń kan ohun èlò ìtàgé, kó tó di pé wọ́n fún un ní ipa Othello ní 1955. Ní New York gan-an, ilẹ̀ ló ń gbá lálẹ́ kí ó lè rí owó ilé san, tí ó sì ń lọ wá ipa eré lójú ọ̀sán. Ní 1958 ló kọ́kọ́ hàn ní Broadway, àdúgbò tí àwọn tíátà ńlá New York wà. Ìránṣẹ́ inú ilé ló ṣe nínú eré náà, Sunrise at Campobello, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó tilẹ̀ kólòlò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn.

Ṣé òṣèré ni bàbá rẹ̀ náà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Robert Earl Jones ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, ó sì ti bá ìlúmọ̀ọ́ká akànṣẹ́ nì, Joe Louis, ṣe ìdánrawò, kó tó di òṣèré. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń dọdẹ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń bá àwọn kọ́múníìsì ṣe, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà síṣẹ́. Àwọn tó ti wo fíìmù The Sting ti ọdún 1973 yóò rántí rẹ̀: òun ni Luther, àgbà gbájú-ẹ̀ tí ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ó kú ní 2006, ní ẹni ọdún 96.

Ọmọ ti dàgbà kí òun àti bàbá tó fojú kan ara wọn. New York ni wọ́n ti mọ ara wọn dáadáa, bí àgbàlagbà méjì tí iṣẹ́ kan náà pa pọ̀, wọ́n sì ṣeré pọ̀ lórí ìtàgé. Jones kò fi bò pé àárín àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí bí àárín bàbá àti ọmọ.

Fíìmù wo ló kọ́kọ́ ṣe?

Dr. Strangelove, tí Stanley Kubrick darí, tó jáde ní 1964. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé bọ́ǹbù ni Jones. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé Kubrick lọ wo George C. Scott níbi eré Shakespeare kan ní gbangba ọgbà Central Park, ó wá rí Jones lórí ìtàgé kan náà, ó sì mú àwọn méjèèjì. Ẹ fi orúkọ Scott yìí sọ́kàn.

Eré wo ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká?

The Great White Hope ni, eré tí Howard Sackler kọ. Washington ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1967, wọ́n sì gbé e wá sí Broadway ní 1968. Ìtàn Jack Johnson ló wà nídìí rẹ̀, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di akànṣẹ́ tó ga jù lágbàáyé ní ìsọ̀rí àwọn abara-wúwo, ní 1908, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jack Jefferson ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú eré. Àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà kò lè gbà á mọ́ra pé ẹni dúdú ló gba oyè náà, pàápàá nígbà tó tún ń fẹ́ obìnrin funfun. Wọ́n wá gbogbo ọ̀nà láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá akànṣẹ́ funfun tí yóò lù ú, nígbà tí ìyẹn kò sì yá, wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́.

Jones fá orí rẹ̀ kodoro, ó fi ìdánrawò tún ara rẹ̀ kọ́, ó sì kó ìgbéraga, ẹ̀rín àti ìbínú ọkùnrin náà jọ sínú ara kan. Ó gba Tony, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù fún eré Broadway, ní 1969. Jane Alexander, tó ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ nínú eré náà, gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1970, wọ́n yan Jones mọ́ àwọn tí yóò du Oscar òṣèré ọkùnrin tó tayọ jù. Lẹ́yìn Sidney Poitier, òun ni ọkùnrin dúdú kejì tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹni tó gba Oscar náà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni George C. Scott, ẹni tí Kubrick torí rẹ̀ lọ sí Central Park lọ́jọ́sí. Scott kọ̀ ọ́, ó ní òun kò fẹ́. Ayé ń yí o.

Ṣé òun ló wọ aṣọ dúdú Darth Vader?

Rárá. David Prowse, ará Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ga bí ọ̀pẹ tó sì ti ń gbé irin rí, ló wọ aṣọ náà. George Lucas, tó ni fíìmù náà, kò fẹ́ ohùn Prowse nítorí bí èdè ìlú rẹ̀ ṣe ń dún, ó sì wá ohùn tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jones wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ Vader láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì san $7,000 fún un. Ó máa ń sọ pé owó gidi ni lójú òun nígbà náà.

Ẹni tó bá wo fíìmù ti 1977 àti ti 1980 bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ jáde kò ní rí orúkọ Jones nínú orúkọ àwọn òṣèré tó ń hàn níparí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kọ ọ́, nítorí ó ka iṣẹ́ tí òun ṣe sí ara àwọn ohun àrà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe nínú fíìmù náà, ó sì gbà pé Prowse ló ṣeré. Ní 1983, nínú Return of the Jedi, orúkọ rẹ̀ wọlé.

Kí ni Vader sọ fún Luke, ọ̀dọ́ akọni inú Star Wars, gan-an?

"Rárá, èmi ni bàbá rẹ" ni. Kò pe orúkọ Luke níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń fi orúkọ náà ṣáájú bí wọ́n bá ń sín in jẹ.

Àṣírí ńlá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya á, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, pé Obi-Wan, olùkọ́ Luke, ló pa bàbá rẹ̀, ni Prowse sọ jáde lábẹ́ àṣíborí; Mark Hamill tó ṣe Luke nìkan ni wọ́n ti ta lólobó. Jones pàápàá, nígbà tó ka ìwé ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, èrò tó wá sí i lọ́kàn ni pé irọ́ ni Vader ń pa.

Ṣé òun ni Mufasa nínú gbogbo fíìmù The Lion King?

Òun ni nínú ti 1994, èyí tí wọ́n fi àwòrán ọwọ́ ṣe, òun náà ni nínú ti 2019. Nínú fíìmù Mufasa tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tó sọ ìtàn ìgbà ọ̀dọ́ kìnnìún náà, Aaron Pierre ló sọ̀rọ̀ fún un.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni pé Madge Sinclair, ọmọ Jàmáíkà tó sọ̀rọ̀ fún aya Mufasa ní 1994, òun náà ló ṣe ayaba fún Jones nínú Coming to America ní 1988. Ọba àti olorì ni wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Níbo ni Zamunda, orílẹ̀-èdè tó jọba lé lórí nínú Coming to America, wà?

Kò sí níbì kankan. Àwọn tó kọ Coming to America ló dá a sílẹ̀, wọ́n kó aṣọ, ijó àti ìwà ààfin láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà pa pọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ lù ú. Ọba Jaffe Joffer, bàbá Eddie Murphy nínú eré náà, ni Jones. Ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Jones kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ṣe ló dúró gbọn-in pẹ̀lú awọ kìnnìún léjìká bí ẹni pé Shakespeare ló ń ka.

Fíìmù kejì, Coming 2 America, jáde ní 2021, òun sì ni fíìmù tí Jones ti fara hàn kẹ́yìn. Àwọn ọmọ Yorùbá méjì wà nínú rẹ̀: Davido, ọmọ Adélékè ti Ẹdẹ, tó kọrin níbẹ̀, àti Rotimi Akinosho, òṣèré tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó ṣe ọmọ ọ̀gágun orílẹ̀-èdè kejì. Nínú eré náà, ọba ṣe ìsìnkú ara rẹ̀ lójú ayé kí ó lè gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ nípa òun, ó sì gbabẹ̀ kú.

Ṣé ó ṣe tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú?

Ó ṣe é dáadáa. Ní 1979, nínú Roots: The Next Generations, òun ló ṣe Alex Haley, òǹkọ̀wé tó wá orírun ìdílé rẹ̀ dé Gáḿbíà. Ní 1991, ó gba Emmy, àmì-ẹ̀yẹ fún eré tẹlifíṣọ̀n, méjì lọ́dún kan ṣoṣo, ọ̀kan fún Gabriel's Fire, èkejì fún Heat Wave. Òun náà ni ohùn tó ń dárúkọ iléeṣẹ́ CNN lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣé òun àti Morgan Freeman kọ́ ni ènìyàn kan náà?

Rárá o. Freeman kéré sí i ní ọdún mẹ́fà, Memphis ni wọ́n bí i sí. Méjèèjì ní ohùn tó rinlẹ̀, irùngbọ̀n wọn sì funfun lọ́jọ́ ogbó. Ibẹ̀ ni ìjọra náà parí sí.

Kí ló dé tí kò fi sí nínú fíìmù Fences nígbà tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe eré náà?

Jones ni Troy Maxson àkọ́kọ́. Tíátà Yunifásítì Yale ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré August Wilson yìí ní 1985. Nígbà tó dé Broadway ní 1987, Wilson gba àmì-ẹ̀yẹ Pulitzer fún eré kíkọ, Jones sì gba Tony kejì. Troy jẹ́ akólẹ̀ ní Pittsburgh, ọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù beesibọ́ọ̀lù gbá lásìkò tí wọn kì í gba ènìyàn dúdú sí ẹgbẹ́ ńlá, tó wá gbé ìbínú yẹn wọlé, tó sì ń fi ni ọmọ rẹ̀ lára. Níbì kan, ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi fẹ́ràn òun rí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Jones àti bàbá tirẹ̀ yóò mọ̀ pé kò lọ jìnnà kó tó rí ohun tó fi dáhùn. Lójú tiwa, kò ṣe iṣẹ́ tó ju èyí lọ.

Iléeṣẹ́ fíìmù Paramount ra ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ di fíìmù, ṣùgbọ́n Wilson ta kú pé ẹni dúdú ni yóò darí rẹ̀, ó tilẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ jáde ní gbangba ní 1990. Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí Wilson fi kú ní 2005. Denzel Washington ló wá ṣe Troy ní Broadway ní 2010, tó sì darí fíìmù náà ní 2016. Jones ti di ẹni ọdún 85 nígbà náà; Troy jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún àti díẹ̀.

Ṣé ó gba Oscar tàbí kò gbà á?

Ọ̀nà tí ẹ bá gbà béèrè ló ń sọ bí a ó ṣe dáhùn. Kò borí nínú ìdíje Oscar rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yàn án. Ní 2011, àwọn tó ń fún ni ní Oscar fi ti ọlá dá a lọ́lá fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló wà nígbà náà, níbi tí òun àti Vanessa Redgrave ti ń ṣe Driving Miss Daisy, Ben Kingsley ló sì gbé ère náà lé e lọ́wọ́ lórí ìtàgé.

Nítorí náà ni àríyànjiyàn fi ń wáyé bóyá a lè kà á mọ́ àwọn tó gba Emmy, Grammy, Oscar àti Tony pé. Grammy rẹ̀ dé ní 1977, fún àwo tí òun, Henry Fonda, Helen Hayes àti Orson Welles ti jọ ka àwọn ìwé pàtàkì inú ìtàn Amẹ́ríkà. Àwọn tó le mọ́ òfin ń sọ pé Oscar ọlá kì í ṣe ohun tí a jà fún, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwa kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa fi ìyẹn jà.

Kí ni ìjà tó wáyé lórí eré Paul Robeson?

Ní 1978, Jones dá nìkan ṣe Robeson, olórin, òṣèré àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1950, nínú eré tí Phillip Hayes Dean kọ. Ọmọ Robeson, Paul Robeson kékeré, ta kò ó, ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ènìyàn dúdú sì buwọ́ lu ìwé tó lòdì sí i. Ẹ̀sùn wọn ni pé eré náà ti gé èékánná Robeson, pé ó sọ alágídí olóṣèlú di ẹni jẹ́jẹ́ tí kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Jones dúró ti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé láti kọ ohun tó rí, ó sì ń ṣe eré náà lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí Robeson jẹ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Kò rọrùn láti dá ẹjọ́ náà: ẹni tó lókùú ní ẹ̀tọ́ láti sunkún rẹ̀.

Ìyàwó mélòó ló fẹ́?

Méjì. Ó fẹ́ Julienne Marie ní 1968, ẹni tó ṣe Desdemona nígbà tí òun ṣe Othello. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1972. Ní 1982 ló fẹ́ Cecilia Hart, tí wọ́n jọ ṣe eré ọlọ́pàá kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Flynn, wọ́n sì wà pọ̀ títí obìnrin náà fi kú ní 2016.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n kọ orúkọ apànìyàn sórí àwo ọlá rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì burú. Ní 2002, ìlú Lauderhill ní Florida fẹ́ bu ọlá fún un níbi àjọ̀dún ìrántí Martin Luther King. Nígbà tí àwo náà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni James Earl Ray, ọkùnrin tó yìnbọn pa King ní 1968, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò jẹ́ kí àlá náà kú. Àwọn ará ìlú rí i kí wọ́n tó gbé e fún un.

Èwo ni tíátà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Èyí tó ń jẹ́ Cort tẹ́lẹ̀ ní Broadway ni. Ní 2022 ni wọ́n sọ ọ́ ní James Earl Jones Theatre. Inú ilé yìí gan-an ló ti ṣe ìránṣẹ́ nínú Sunrise at Campobello ní 1958.

Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún Darth Vader báyìí?

Ìbéèrè tó le jù nìyí. Nígbà tí ọjọ́ orí ti sọ ohùn rẹ̀ di mìíràn, Jones fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo àwọn ohùn rẹ̀ àtijọ́ láti fi ẹ̀rọ ṣe ohùn Vader. Respeecher, ilé-iṣẹ́ kan ní Ukraine, ló ṣe iṣẹ́ náà fún eré Obi-Wan Kenobi ní 2022, ní àkókò tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ohùn tí ẹ gbọ́ nínú eré yẹn jẹ́ ti Jones, kì í sì í ṣe òun ló sọ ọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n gbé Vader sínú géèmù Fortnite, ẹ̀rọ AI sì ń fi ohùn Jones dá àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdílé rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kò tó ọjọ́ méjì tí àwọn ènìyàn fi mú kí ohùn náà máa bú èébú, tí àwọn tó ni géèmù sì sáré lọ tún un ṣe. SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọn kò ní kí ìdílé má lo ohùn ẹni wọn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tó ni géèmù náà kò bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gba iṣẹ́ tí òṣèré alààyè lè ṣe.